Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ṣe fún Ọ̀dọ́, Tí Àwọn Àgbà Rà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Inú ilé ni wọ́n ti ń pa òwe yìí jù, nígbà tí bàbá bá fẹ́ bẹ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, tàbí nígbà tí ọmọ bá fẹ́ kí ìyá òun bá òun gbé ohun tó wà lókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin òǹwòran bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé òwe náà bá ọ̀rọ̀ ọjà mu pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣe ọjà fún ọ̀dọ́, tó sì gbé e ka orí pẹpẹ, kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àgbà ló kọ́kọ́ tó o.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn kedere. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé ọkọ̀ kan jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní ìlú Detroit, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Model X ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn kì í balẹ̀ ni àwọn ṣe é fún: àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun, tó ń pàgọ́ sínú igbó lópin ọ̀sẹ̀, tó tún ń lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé ọjà lẹ́yìn ọdún méjì, Element ni orúkọ tó jẹ́. Ìrìn àjò rẹ̀ láti orí pèpéle ìpàtẹ dé ọwọ́ ẹni tó rà á kún fún ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ohunkóhun fún ọ̀dọ́, yálà ọkọ̀ ni, ìwé ni, tàbí iṣẹ́ ọwọ́.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní ọkọ̀ àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ àpẹẹrẹ kì í ṣe ọkọ̀ títà. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ gbé kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ mọ̀ pé aṣọ náà lè má bá ẹnikẹ́ni mu bó ṣe wà yẹn. Ohun tó fẹ́ ni kí àwọn tó ń kọjá dúró wò ó, kí wọ́n sọ ohun tó wù wọ́n níbẹ̀ àti ohun tí kò wù wọ́n, kí òun lè mọ irú èyí tí òun yóò rán. Èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ọkọ̀ gbà pé ó ṣáájú gbogbo wọn ni Buick Y-Job, tí Harley Earl ti ilé-iṣẹ́ General Motors ṣe ní ọdún 1938. Wọn kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Earl fúnra rẹ̀ ló ń wà á kiri, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára rẹ̀ ló padà yọ lára àwọn ọkọ̀ tí General Motors tà lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ káàkiri àgbáyé ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi ọkọ̀ àpẹẹrẹ dán ojú ọjà wò.

Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò kan, tí ọkọ̀ náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣeé ṣe kó padà wá ra èkejì àti ẹ̀kẹta níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde, ọkọ̀ tí wọ́n fi ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ṣe òdiwọ̀n. Kí ọdún kan tó pé, iye tí wọ́n tà ti lé ní 400,000. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí kò lá irú àlá bẹ́ẹ̀ rí.

Honda ní ìdí tirẹ̀. Ọdún 1948 ni Soichiro Honda dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Jàpáànì. Ní ọdún 1959 wọ́n wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, alùpùpù ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ òwò níbẹ̀. Ní ọdún 1982 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Accord ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún ogún, àwọn tó ti ra Honda nígbà èwe wọn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ. CR-V, tó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìdílé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ogún ọdún tó rí ìyá rẹ̀ nínú CR-V kò ní í yára sọ pé irú rẹ̀ gan-an ni òun fẹ́. Ìyẹn ni àlàfo tí Honda fẹ́ dí.

Àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ náà kò jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa méfò. Wọ́n jáde lọ bá àwọn ọ̀dọ́ níbi tí wọ́n wà, ní etíkun, nínú ọgbà yunifásítì àti níbi eré ìdárayá. Wọ́n wo ohun tí wọ́n ń rù, bí wọ́n ṣe ń dì í sínú ọkọ̀, àti ohun tó ń bí wọn nínú bí wọ́n bá ń dì í. Ohun méjì ni wọ́n mú bọ̀. Èkíní ni yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé yàrá kan ṣoṣo rí mọ bó ṣe rí: yàrá náà ni pálọ̀, òun náà ni ibùsùn, òun náà ni ibi ìkẹ́rù sí, bí àlejò bá dé, a ó ká ibùsùn kúrò nílẹ̀. Èkejì ni ilé kékeré tí àwọn tó ń yọ ènìyàn nínú omi máa ń jókòó sí ní etíkun, tí ojú fèrèsé rẹ̀ gbòòrò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí gbayawu. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà jọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe mú un jọ wọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, ìrísí rẹ̀ dà bí àpótí. Àpótí kò lẹ́wà lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gba ẹrù tó o. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òpó irin kan máa ń dúró láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n yọ òpó náà kúrò. Ilẹ̀kùn iwájú ń ṣí síwájú, ti ẹ̀yìn ń ṣí sẹ́yìn, bí ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn méjì ilé ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí méjèèjì bá ṣí, ẹrù fífẹ̀ yóò wọlé láti ẹ̀gbẹ́ láìfi ara kan ohunkóhun.

Bákan náà ni wọ́n ṣe ro ti àga. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ọkọ̀ náà ń gbà. Àga méjì tó wà lẹ́yìn ṣeé ká sókè, kí a fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni fi àpò kọ́ sára ògiri. A tún lè tú wọn kúrò pátápátá. Bí a bá sì tẹ́ àga iwájú sẹ́yìn, tí a tẹ́ ti ẹ̀yìn náà, gbogbo rẹ̀ yóò di ibùsùn. Ilẹ̀kùn búùtù pín sí méjì: apá òkè ń gbéra sókè, apá ìsàlẹ̀ ń wálẹ̀, ènìyàn sì lè jókòó lé e lórí kí ó máa wo òkun. Wọn kò tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ rẹ̀. Ohun kan tó le, tó ń dán bí ike, ni wọ́n fi bo ilẹ̀ náà, kí iyanrìn àti ẹrẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ike líle tí wọn kò kùn ní ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ibi tó sábà máa ń fara gbọgbẹ́, irú bí ìbòrí táyà, kí ìfarakanra díẹ̀díẹ̀ má baà di ìnáwó.

Ó yẹ kí á tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbí, nítorí àṣìgbọ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ pé ilẹ̀ ọkọ̀ náà ṣeé fọ̀, wọ́n sì rò pé a lè fi rọ́bà omi fọ inú rẹ̀ bí ẹni ń fọ ilẹ̀ bálùwẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkísà tútù ni ó yẹ kí a fi nù ún. Wáyà iná wà nínú ọkọ̀ náà bó ṣe wà nínú ọkọ̀ mìíràn, bí omi bá sì wọ ibi tí wáyà wà, ohun tí a fẹ́ fi dín wàhálà kù yóò di wàhálà ńlá.

Nísinsin yìí ni ọ̀rọ̀ kan ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ àpẹẹrẹ àti ọkọ̀ títà. Lórí pèpéle ìpàtẹ, kò sí ẹni tí yóò fi ọkọ̀ mìíràn kọlu Model X láti ẹ̀gbẹ́. Lójú títì, ó lè ṣẹlẹ̀. Òpó irin tí wọ́n yọ kúrò kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni ó ń ran òrùlé lọ́wọ́, òun ni ó ń gba ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́, òun náà ni wọ́n sì ń so bẹ́líìtì àwọn tó jókòó níwájú mọ́. Bí kò bá sí òpó, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí? Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá a lóhùn báyìí: wọ́n fi irin líle sínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, wọ́n sì mú kí ó gbá mọ́ òrùlé lókè àti ilẹ̀ ọkọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, òpó wà níbẹ̀. Nígbà tó bá ṣí, òpó bá ilẹ̀kùn lọ.

Ọgbọ́n ni èyí, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí kò ní ìnáwó tirẹ̀. Ìkíní, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò lè ṣí àfi bí ti iwájú bá kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò lè sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni iwájú yọ̀ǹda fún un. Ìkejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2006, ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni bẹ́líìtì ẹni iwájú wà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tú bẹ́líìtì rẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọdún 2007 ni wọ́n gbé bẹ́líìtì náà lọ sára àga iwájú. Ọdún yẹn náà ni àwọn àpò tó ń kún fún atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà ìjàǹbá di ohun tó wà nínú gbogbo Element, láìka iye tí olùrà san sí.

Kí owó ọkọ̀ náà má baà ga jù, orí ìpìlẹ̀ CR-V ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 160. Ìlú East Liberty ní Ohio ni wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni títà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iye èyí tó wọ́n níwọ̀nba jù sì lé díẹ̀ ní 16,000 dọ́là. Ní ọdún 2003, wọ́n tà tó 67,000 ní Amẹ́ríkà. Ayọ̀ kún inú ilé-iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ojú àwọn tó rà á, wọ́n rí i pé kì í ṣe ojú tí wọ́n ń retí. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti tó ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ láàárín wọn. Àwọn òbí ló wá ra yàrá akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ló fà á? Èkíní ni owó. Ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní gbèsè ẹ̀kọ́ lọ́rùn, owó ìbánigbófò rẹ̀ sì wọ́n ju ti àgbà lọ nítorí pé ọ̀dọ́ awakọ̀ ni. Ẹgbàá mẹ́jọ dọ́là lójú ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kì í ṣe ẹgbàá mẹ́jọ dọ́là lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ á wá ọkọ̀ àlòkù, yóò sì fi ọ̀kan tó bá ti rí ṣe é. Èkejì ni pé ohun tí wọ́n ṣe nítorí pátákó ìgbì òkun wúlò fún ohun mìíràn tí wọn kò rò. Káfíńtà rí ibi tí yóò kó irinṣẹ́ sí. Ẹni tí orúnkún ń dùn rí i pé àga náà kò ga jù, kò sì rẹlẹ̀ jù. Ìyá tó ń gbin òdòdó rí ilẹ̀ tí erùpẹ̀ kò lè bà jẹ́. Ẹni tó ní ajá rí ọkọ̀ tí irun ajá kò lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó jinlẹ̀ jù. Ọ̀dọ́ kì í fẹ́ kí a kọ ọ́ sára nǹkan pé ti ọ̀dọ́ ni. Ohun tó bá rò pé òun fúnra òun ṣàwárí ni yóò fẹ́ràn. Àgbà ni ó máa ń fẹ́ ohun tí yóò mú kí wọ́n wí pé èwe ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ìpolówó tó fi àwọn ọ̀dọ́ létíkun hàn lè má fa ọ̀dọ́ mọ́ra, kí ó sì fa bàbá rẹ̀.

Honda kò bá àwọn oníbàárà wọ̀nyí jà. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Fún ọkọ̀ ọdún 2010, wọ́n ṣe irú kan fún àwọn tó ní ajá, tó ní ibùsùn ajá, àkàsọ̀ tí ajá yóò fi gòkè, abọ́ omi tí kì í dà sílẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà ti ń dín kù lọ́dọọdún nígbà náà. Ní ọdún 2011, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Iye tí wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà ti lé ní 325,000.

Kì í ṣe Honda nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1999, General Motors fi ọkọ̀ àpẹẹrẹ kan hàn tó ń jẹ́ Pontiac Aztek, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìgbòkègbodò náà. Ọkọ̀ náà wúlò, àgọ́ pàápàá wà tó ṣeé so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọjà, àwọn ènìyàn kò gba ti ìrísí rẹ̀, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2005. Toyota ní tirẹ̀ dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003, Scion. Àwọn àgbà tún wà lára àwọn tó yára ra xB rẹ̀ tó dà bí àpótí. Ní ọdún 2016, Toyota pa orúkọ Scion rẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé Element kùnà, nítorí pé kò dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ẹlòmíràn lè dáhùn pé kò kùnà, nítorí pé owó àgbà kì í ṣe ayédèrú. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé òṣùwọ̀n, a ó rí i pé òtítọ́ wà nínú wọn. Ìwádìí Honda tọ̀nà lórí ohun tí ènìyàn ń fi ọkọ̀ ṣe. Ibi tó ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé ọjọ́ orí ló ń pinnu ohun tí ènìyàn ń ṣe. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta lè pàgọ́ sínú igbó, ọmọ ogún ọdún sì lè máà fẹ́ kúrò nílé.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà dúró. Àwọn Element àlòkù kò di ohun ìdánù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń sọ inú rẹ̀ di ibùsùn, wọ́n ń gbé inú rẹ̀ rin ìrìn àjò láti òkun kan dé òkun kejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ọ̀dọ́. Òmíràn ti gba orí omi wá, ó ti di tòkunbọ̀ lójú títì Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ yóò ṣe dáadáa bó bá wo ọdún tí wọ́n ṣe é, kí ó mọ ibi tí bẹ́líìtì iwájú wà, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó tún wọn tì, kí ó rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbá mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ dáadáa, nítorí inú ilẹ̀kùn yẹn ni òpó ọkọ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀dọ́ ṣe dé ọwọ́ ọ̀dọ́ níkẹyìn. Kì í ṣe ìpolówó ló gbé e débẹ̀. Àgbà ló kọ́kọ́ rà á, ó lò ó, owó rẹ̀ sì wá wálẹ̀. Pẹpẹ rẹlẹ̀, ọwọ́ ọmọdé sì tó o.